Àwòrán púrótíìnì kì í ṣe fọ́tò

Cadherin ni púrótíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di sẹ́ẹ̀lì ẹgbẹ́ rẹ̀ mú. Bí kò bá sí kálísíọ́mù, apá rẹ̀ á rọ jọwọlọ, ìdìmú á tú. Apá ọ̀hún kéré débi pé máíkírósíkóòpù ilé-ìwé ò lè rí i. Máíkírósíkóòpù tó ń lo ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á rí àwòrán aláràbarà, wọ́n á ní ẹyọ púrótíìnì kan ni wọ́n yà bẹ́ẹ̀. Rárá o. Kọ̀ǹpútà ló kun àwọ̀ yẹn. Ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù máa ń ba púrótíìnì jẹ́. Bó bá pọ̀, ohun tí à ń wò á ti bàjẹ́ ká tó wò ó tán. Ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń yà á, ìdí nìyẹn tí àwòrán kọ̀ọ̀kan fi máa ń rí bàìbàì.

Ẹ wo Òkè Olósùnta n'Íkẹ́rẹ́-Èkìtì lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó ti Adó bọ̀ rí èjìká rẹ̀ fìrí, ẹni tó ti Àkúrẹ́ wọlé rí ẹ̀gbẹ́ mìíràn, ẹni tó wà nínú ìlú rí ìdí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i tán. Àmọ́ ká ní 100,000 èèyàn ya ohun tí wọ́n rí, tí ẹnì kan sì ń to èyí tó jọra léra. Kùrukùru ti òní ò bá ti àná mu, òun á pa rẹ́. Òkúta tí kò kúrò lójú kan ló máa yọ kedere. Òkè ló dúró o, èrò ló ń rìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń to àwòrán púrótíìnì léra, àmọ́ inú yìnyín ni wọ́n ń dì í sí kí wọ́n tó yà á, níbẹ̀ sì rèé, púrótíìnì fúnra rẹ̀ ló kọrí síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Yìnyín yẹn kì í ṣe ti fíríìjì, tí omi rẹ̀ máa ń dì di kírísítálì, ìyẹn hóró tó tò létòlétò. Nínú ethane olómi (gáàsì tí òtútù sọ di olómi) tí nitrogen mú tutù ni wọ́n ń ri omi tó ní púrótíìnì nínú bọ̀, á sì le gbagidi kí kírísítálì tó ráyè hù. Iṣẹ́ Jacques Dubochet nìyẹn. Títo àwòrán léra ni ti Joachim Frank. Àwọn méjèèjì àti Richard Henderson ló gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì lọ́dún 2017.

Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó kù sí. Integrin, púrótíìnì mìíràn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń di nǹkan mú, máa ń tẹ̀ kọdọrọ bí kò bá di nǹkan mú, á sì nà ró bó bá fẹ́ dì í. Kọ̀ǹpútà á kó àwọn tó tẹ̀ jọ, á kó àwọn tó nà jọ. Àwọn tó ṣì ń dìde lọ́wọ́, tí wọn ò pọ̀, tí wọn ò sì jọra, ni wọ́n sábà ń dà nù, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló mọ bí ìdìmú ṣe ń bẹ̀rẹ̀.