Bí Ayùn Ṣe Ń Mú Ọwọ́ ní Sọ́míìlì

Ọwọ́ kì í sábà ṣèèṣì bọ́ sẹ́nu ayùn. Pákó ló ń gbé e lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró ti sákúlà (ayùn róbótó tó ń yí láàárín tábìlì) rí, ì báà ṣe ní Oko Baba l'Ébùté Mẹ́ta tàbí ní Bódìjà n'Íbàdàn, mọ̀ pé ọwọ́ méjèèjì ló ń ti pákó síwájú, gbogbo agbára ara sì wà lẹ́yìn wọn. Bí pákó bá yẹ̀ lójijì, ọwọ́ kò ní bíréèkì.

Kí ló ń mú un yẹ̀? Eyín ayùn tó wà níwájú ń yí lọ sísàlẹ̀, ó ń tẹ igi mọ́ tábìlì. Èyí tó wà lẹ́yìn ń gòkè bọ̀. Igi tútù, pàápàá èyí tó ní kókó, máa ń padé padà níbi tí wọ́n ti là á dé, á wá há ayùn mọ́ àárín. Eyín ẹ̀yìn á gbé e, á sì jù ú padà lu ẹni tó ń là á. Etí ayùn sákúlà lè sáré tó 50 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó sọ fún ọwọ́ pé kó kúrò, eyín ayùn ti rin nǹkan bíi mítà 10. Ìdí nìyẹn tí “ẹ máa ṣọ́ra” nìkan kò fi lè dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè sẹ́yìn ayùn ni kì í jẹ́ kí igi padé. Ìbòrí sì wà fún ayùn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń san owó lórí iye pákó tí èèyàn là, ohunkóhun tó bá fa iṣẹ́ sẹ́yìn ni wọ́n ń tú dànù, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń kọ́kọ́ lọ.

Ìbọ̀wọ́ ńkọ́? Nídìí ayùn tó ń yí, ọ̀tá ni. Bí eyín ayùn bá kọ́ ọ, gbogbo ọwọ́ ló máa wọ́ lọ. Apá aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti òrùka náà ńkọ́, bákan náà ni. Ìgbà tí wọ́n bá ń ru pákó, tàbí tí wọ́n ń pààrọ̀ ayùn tó ti dúró, ni ìbọ̀wọ́ wúlò. Igi péńpé ni kí wọ́n fi máa ti ìparí pákó kọjá. Nínú sọ́míìlì tí àjákù igi kún ilẹ̀, kò sí àwíjàre fún ẹni tí kò ní in.

Èyí tó burú jù ni ti iná. NEPA mú iná lọ nígbà tí pákó ṣì wà lẹ́nu ayùn. Ẹ̀rọ dúró. Ọmọṣẹ́ kan nawọ́ láti yọ èérún igi tó há sábẹ́ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rántí pa súìṣì. Gbogbo àdúgbò pariwo “Up NEPA!” Kí igbe náà tó rọlẹ̀, ayùn ti ń yí. Súìṣì kan wà tó máa ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ kò sì ní ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá tún un tẹ̀. Bí ohun kan ṣoṣo ni ọ̀gá sọ́míìlì bá lè rà, òun ni kó rà.

Bí ìka bá já, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ ṣan ìka náà, kí wọ́n fi aṣọ tó rin díẹ̀ wé e, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n wá gbé ọ̀rá sínú omi oníyìnyín. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ìka gan-an, torí ó ń ba ẹran ara jẹ́. Kí wọ́n gbé òun àti aláìsàn lọ sílé ìwòsàn pa pọ̀. L'Ékòó, Ìgbóbì lọ̀pọ̀ ń sáré lọ.

Ní ti owó gbà-má-bínú, òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà 1 nínú gbogbo 100 tó ń san fún òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Òṣìṣẹ́ kò san kọ́bọ̀. Òfin náà ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti alágbàṣe mọ́ ọn, ì báà jẹ́ ẹnu ni wọ́n fi ṣe àdéhùn. Ẹni tó fara pa ní ọjọ́ 14 láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ó dáa kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ wo ni.