Yàrá Tó Tutù Kọ́ Ni Yàrá Tí Afẹ́fẹ́ Rẹ̀ Mọ́

Bí ilé iṣẹ́ kan bá pè mí pé kí n wá yẹ afẹ́fẹ́ àwọn wò, òórùn lọ́fínńdà ló sábà máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ti fín in káàkiri kí n tó dé. Gbogbo fèrèsé á wà ní títì pa, ẹ̀rọ amúlétutù á máa kùn lókè, àwọn òṣìṣẹ́ á sì máa wúkọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá á wá ní, "Ṣé ẹ rí i pé ibí tutù, ó sì mọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri, èyí tó wọ́pọ̀ jù, kì í fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ìta. Ooru ni apá rẹ̀ tó wà níta ń tú dànù. Afẹ́fẹ́ inú yàrá yẹn náà ló ń fà, tó ń mú tutù, tó sì tún ń fẹ́ padà sí yín lára. Èyí tí ẹnì kan mí síta láàárọ̀ ni ẹlòmíràn ń fà símú lọ́sàn-án. Asẹ́ inú rẹ̀ ń gba eruku tó tóbi, ṣùgbọ́n hóró Aspergillus, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wọ́pọ̀ níbi tó bá lọ́rinrin, kò ju mìlímítà 0.002 sí 0.003 lọ. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àjọ CDC tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí afẹ́fẹ́ mímọ́ máa rọ́pò ti inú yàrá tó ìgbà 5 láàárín wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ yàrá tí mo ń wọ̀ kò sún mọ́ ọn rárá.

Ẹni tó ní ikọ́ ife kò nílò láti wúkọ́ sí yín lójú. Ẹ̀kán omi tíntìntín tó bá èémí rẹ̀ jáde á gbẹ kíákíá, ohun tó ṣẹ́ kù á sì fúyẹ́ débi pé yóò máa léfòó fún wákàtí púpọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni William Wells àti Richard Riley, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, fi èyí hàn ní Baltimore ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi páìpù darí afẹ́fẹ́ láti wọ́ọ̀dù àwọn tó ní ikọ́ ife lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹranko kékeré tí à ń pè ní guinea pig, tí kò sí aláìsàn kankan nítòsí wọn. Àwọn ẹranko náà kó àrùn. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi iná ultraviolet (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí, tó ń pa kòkòrò àrùn) tan sí afẹ́fẹ́ tiwọn kò kó o. Ti èéyi tún le jù bẹ́ẹ̀: fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún bíi wákàtí 2 lẹ́yìn tí aláìsàn ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ó wá kan àwọn tó ń gbé agolo oògùn kiri, tí wọ́n ń ṣèlérí pé àwọn á pa gbogbo kòkòrò inú afẹ́fẹ́ yín lóru ọjọ́ kan. N kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ìrẹ́jẹ ni. Ẹni tó ń wúkọ́ á mú òmíràn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oògùn tí wọ́n fín pàápàá sì ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òkú kòkòrò ṣì ń ṣe èèyàn! Oró kan tó ń jẹ́ endotoxin wà lára awọ àwọn bakitéríà kan, bí bakitéríà náà bá kú, oró rẹ̀ kì í bá a kú. Ẹni tó bá fà á símú púpọ̀, ibà á mú un, àyà á máa fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ran òwú mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí ọjọ́ Ajé tí wọ́n bá ti ìsinmi dé ni àyà máa ń fún wọn jù. Hóró fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ti kú náà ṣì lè gbé asímà dìde. Ibi tó bá bu, ẹ gé e kúrò, kí ẹ sì wá ibi tí omi ti ń jò.

Àwọn oníbàárà á ní kí n sọ iye kòkòrò tó wà nínú afẹ́fẹ́ àwọn. Mo lè kà á, ṣùgbọ́n kò sí iye kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí pé ó léwu. Nígbà tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ ìtọ́sọ́nà rẹ̀ lórí ọ̀rinrin àti fọ́ńgọ́ọ̀sì inú ilé ní 2009, òun náà kò fi iye kankan lélẹ̀. Ọ̀rinrin ló ní kí a dènà. Omi ni mo máa ń wá kiri. Lọ́dún 1976, àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ṣèpàdé ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, 29 nínú wọn sì kú. Oṣù Kìíní ọdún 1977 ni Joseph McDade, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, tó rí bakitéríà tó pa wọ́n, Legionella, tó fẹ́ràn omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìrì omi tó ń fò nínú afẹ́fẹ́ ló máa ń bá wọ inú èèyàn.

Ọkùnrin kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń tú ìrì omi jáde kí bébà má baà gbẹ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ibà á mú un, á máa wúkọ́, á máa mí gúlegúle. Tó bá gba ìsinmi, ara rẹ̀ á yá. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn tó ń bá a du ipò ló fi nǹkan sí àga rẹ̀, nítorí pé tó bá ti kúrò lórí àga yẹn, àlàáfíà dé. Wọ́n gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn aríran. Ẹnì kan ta oògùn apakòkòrò fún un léraléra, láì bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo ṣí táńkì ẹ̀rọ náà, ó ń yọ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nínú, àga rẹ̀ ni ihò ẹ̀rọ náà sì dojú kọ. Hypersensitivity pneumonitis ni àwọn dókítà ń pe àìsàn yẹn: ohun tí èèyàn ń fà símú léraléra ni ara ń bá jà, tí ẹ̀dọ̀fóró fi ń wú. Ó máa ń mú àwọn àgbẹ̀ tó ń tú koríko gbígbẹ tó ti bu pẹ̀lú. Tí wọ́n bá tètè mú èèyàn kúrò níbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lè padà bọ̀ sípò. Tirẹ̀ ti di àpá. Kò lè gun àtẹ̀gùn láì dúró sinmi mọ́, kò sì sí oògùn tó lè pa àpá yẹn rẹ́.

Bí ibà àti ikọ́ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí 4 sí 8 lẹ́yìn tí ẹ wọṣẹ́, tí ó sì ń fi yín sílẹ̀ nígbà ìsinmi, ẹ kọ ọjọ́ àti àsìkò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mú un lọ bá dókítà ẹ̀dọ̀fóró, kí ẹ sì sọ ẹ̀rọ tó wà nítòsí àga yín fún un kó tó kọ oògùn kankan. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹ ṣí fèrèsé lónìí, kí ẹ sì lọ wo inú táńkì yẹn fúnra yín.