Ọwọ́ Ọmọ Tí A Wé Lóru: Ìgbà Wo Ló Yẹ Ká Tú U?

Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ 14. Bí mo ṣe ń tú ọmọ náà lórí tábìlì, ṣọ́ọ̀lù kan kúrò, ìborùn tún wà lábẹ́ rẹ̀, ó fún un pinpin láti èjìká dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ti tutù fún àágùn. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá báyìí náà ló ṣe ń sùn lóru. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Tí mi ò bá wé e, ó máa ń ta gìrì, á sì jí. Màmá ọkọ mi ní kí n má tú u, kí gìrì má baà mú un.” Kí n tó dáhùn, ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó fi ìdí tì, ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo yára fọwọ́ dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ gìrì yìí, torí òun ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìyá máa wé ọmọ títí ó fi pẹ́ jù. Ohun méjì tó jìnnà síra ni a ń pe orúkọ kan mọ́. Ọmọ tuntun tó ta gìrì nígbà tí ilẹ̀kùn dún gbàmù, tàbí nígbà tí orí rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ bí a ṣe ń gbé e sílẹ̀, kò ṣàìsàn rárá. Á na apá méjèèjì síta lẹ́ẹ̀kan náà, ìka rẹ̀ á là, lẹ́yìn náà á kó apá náà mọ́ra bíi pé ó fẹ́ di nǹkan mú. Ó lè ké. Kì í pẹ́ tó fi máa ń tán. A bí i mọ́ ọn ni, kódà àwa òṣìṣẹ́ ìlera máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lára ọmọ tuntun. Tí a ò bá rí i, ìgbà yẹn la máa ń kọminú. Láti nǹkan bí oṣù 3 ló ti máa ń dínkù, tó bá fi máa di oṣù 6, kì í sí mọ́.

Gìrì tó jẹ́ àìsàn yàtọ̀. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n léraléra, tí ẹ bá sì dì í mú, á ṣì máa gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ yín. Ojú ọmọ lè yí sókè, ètè rẹ̀ lè ṣú, ara rẹ̀ sì sábà máa ń gbóná. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ débi pé ọmọ á dákú. Aṣọ tí a wé mọ́ ọmọ kò lè dá irú gìrì yìí dúró, kò sì sí bí títú u ṣe lè fà á.

Tí ọmọ ò bá tíì pé oṣù 2, tí aṣọ náà fúyẹ́, tí ọmọ fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, mi ò ní kí ẹ má wé e. Ewu náà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá fẹ́ máa yí. Ọmọ tí a dì lọ́wọ́, tó wá dojú bolẹ̀ láàárín òru, kò ní ohun tó máa fi ti ara rẹ̀ sókè. Imú rẹ̀ á wà lára fóòmù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn wọn ti ọdún 2022 pé gbàrà tí ọmọ bá ti ń gbìyànjú láti yí ni kí wíwé dópin. Oṣù 3 sí 4 ló wọ́pọ̀, ẹlòmíì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dúró dìgbà tó bá yí tán. Tó bá ti ń gbé ẹsẹ̀ sókè tó sì ń fi ìdí tì bíi ti ọmọ orí tábìlì mi yẹn, ó ti tó. Fún àwa tá a wà ní Nàìjíríà, ẹ fi abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 14 ṣe àmì: kí ọwọ́ ọmọ ti wà níta kí ẹ tó wá.

Ìbàdí náà ń kọ́? Tí a bá na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ tí a sì dì í pinpin, eegun itan lè máa yẹ̀ kúrò ní ojú ihò rẹ̀. Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tá a bá fi ọ̀já pọ̀n ọ́n: itan là, orúnkún ká, bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́. Bó ṣe yẹ kí ìbàdí rẹ̀ rí nìyẹn. Lójú tèmi, ẹ̀yìn ìyá sàn fún eegun ọmọ ju gbogbo ṣọ́ọ̀lù olówó ńlá lọ.

Tí ọmọ ò bá tíì máa yí, ẹ yọ ọwọ́ kan síta fún bí òru mẹ́ta. Èyí tó máa ń gbé sẹ́nu ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, torí ìka yẹn ló máa fi pẹ̀tù sí ara rẹ̀ nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ìkejì, kí aṣọ mọ sí àyà. Lẹ́yìn òru díẹ̀ sí i, ẹ mú aṣọ kúrò. Èyí tó ti ń yí ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀: lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí ọwọ́ méjèèjì jáde.

Ibi tí mo ti rí i pé àwọn ìyá máa ń ṣàṣìṣe jù ni bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé orí rẹ̀ kalẹ̀, orí á yẹ̀, ọmọ á ta gìrì, wọ́n á ní torí pé àwọn ò wé e ni. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ kan fóòmù, lẹ́yìn náà ìdí, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, kí ọwọ́ yín wà lábẹ́ orí títí dé ìgbẹ̀yìn. Ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, ẹ rọra máa ki oríkì rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Tó bá kùn, ẹ má tíì gbé e. Ẹ fún un láyè díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà á padà sùn. Òru mélòó kan lè le, nígbà míì ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ẹ̀yin bàbá ọmọ, ẹ gba òru kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó yín.

Nínú ooru tiwa, síńgílẹ́ẹ̀tì àti nápíkì tó fún ọmọ láti sùn. Ẹ fọwọ́ kan àyà tàbí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Tó bá ń làágùn, aṣọ ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bìrìtìkó, tí yàrá yín wà láàárín 16 sí 20 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ lè lo aṣọ ìsùn tó dà bí àpò tí ọwọ́ ń wà níta rẹ̀, tó bá bá ọmọ mu lọ́rùn. Ẹ má ra èyí tí wọ́n rán nǹkan wúwo sínú rẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á yìn ín tó. Nẹ́ẹ̀tì ọmọ tá a máa ń ṣí bí agboòrùn dára láti lé ẹ̀fọn, àmọ́ ìrọ̀rí kékeré tó bá a wá, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí ibi tí ọmọ ń sùn sún mọ́ tiyín nínú yàrá kan náà, kó má ṣe jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì kan náà.

Ṣọ́ọ̀lù náà ṣì wúlò. Ní ọ̀sán, tí ọmọ bá jí, tí oúnjẹ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí ẹní, kí ẹ dojú ọmọ bolẹ̀ lórí rẹ̀ níbi tí ojú yín wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lóòjọ́. Ẹ dùbúlẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ó lè máa gbórí sókè wò yín. Ọrùn àti apá tó ń le níbẹ̀ lọ́sàn-án ni yóò fi gbé ojú kúrò lára fóòmù lóru.