Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àrùn strangles lára ẹṣin: ohun tó ń fi hàn, àtohun tí kò lè fi hàn

Bí dókítà ẹran bá ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin yín fún àyẹ̀wò strangles, ẹ má rò pé bakitéríà ni wọ́n fẹ́ lọ wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Streptococcus equi tó ń fa àrùn yìí kì í sábà gbé inú ẹ̀jẹ̀. Imú, ọ̀fun àti kókó abẹ́ àgbọ̀n ló máa ń bá jà. Ohun tí wọ́n ń wá ni áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara ẹṣin fúnra rẹ̀ ń ṣe láti kojú bakitéríà náà. Ọdẹ tó rí ipasẹ̀ ẹtu mọ̀ pé ẹtu ti gba ibẹ̀ kọjá, kò tíì mọ̀ bóyá ó ṣì wà nínú igbó yẹn. Bí áńtíbọ́dì ṣe rí gan-an nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ tó gba èsì àyẹ̀wò ti ń ṣì í túmọ̀.

Láàárín ọjọ́ 3 sí 14 tí ẹṣin bá kó àrùn yìí, ibà á mú un, ara rẹ̀ á gbóná ju 38.5°C lọ. Ikun tó ki á máa jáde ní imú rẹ̀, kókó á wú lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́yìn ọ̀fun, títí yóò fi bẹ́ tí yóò sì da ọyún. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń yá. Àwọn tó yá tán yìí gan-an ni wàhálà wà lára wọn. Ẹṣin ní àpò afẹ́fẹ́ méjì lẹ́yìn ọ̀fun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ọyún lè ṣẹ́kù síbẹ̀, kó gbẹ, kó di kókó líle, kí bakitéríà sì wà nínú rẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún pàápàá. Ẹṣin náà á máa jẹun, ara rẹ̀ á máa dán, á sì máa fi imú pín àrùn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ lè tó ẹyọ kan nínú mẹ́wàá tó ṣàìsàn. Níbikíbi tí ẹṣin láti oríṣiríṣi ibùso bá ti ń pàdé, ìbáà jẹ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí pápá pólò, irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù jù.

Animal Health Trust ní Newmarket, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé ELISA, àyẹ̀wò áńtíbọ́dì tí wọ́n ń lò níbẹ̀, jáde ní ọdún 2008. Prótéènì méjì láti ara Streptococcus equi ló ń lò, A àti C. Ìdí tí wọ́n fi ṣà wọ́n ni pé ìbátan Streptococcus equi kan wà, Streptococcus zooepidemicus, tó máa ń gbé ọ̀fun ẹṣin tí ara rẹ̀ le. Àyẹ̀wò tí kò bá lè yà wọ́n sọ́tọ̀ á máa pe ẹṣin aláìṣẹ̀ ní aláàrùn. Wọ́n á lẹ prótéènì mọ́ ìsàlẹ̀ àwọn ihò kéékèèké lára àwo, wọ́n á da omi ẹ̀jẹ̀, ìyẹn omi tó máa ń wà lókè bí ẹ̀jẹ̀ bá dì, sí i. Bí áńtíbọ́dì bá wà, á dì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́, tí wọ́n sì kán èròjà tó ń yí àwọ̀ padà sí i, ihò náà á yíwọ̀, ẹ̀rọ á sì fi nọ́ńbà sọ bí àwọ̀ náà ṣe ki tó.

Ẹ̀jẹ̀ yìí, inú iṣan ọrùn ni wọ́n ti ń fà á, sínú ìgò tí kò ní oògùn adènà-dídì. 5 sí 10 ml tó. Ẹ gbé e ró kó dì dáadáa kí wọ́n tó yọ omi òkè rẹ̀. Ẹ má mì ín, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ tó gbóná, ẹ má sì fi odidi ẹ̀jẹ̀ sínú yìnyín kó gan: ẹ̀jẹ̀ tó bá fọ́ á sọ omi náà di pupa, èsì rẹ̀ kò sì ní ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ kọ orúkọ ẹṣin, ọjọ́ tí wọ́n gbà á, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ti gbà. Àwọn abẹ́rẹ́ kan máa ń da èsì rú. Strangvac, abẹ́rẹ́ àjẹsára strangles tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, kì í da ti A àti C rú.

Bí nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà bá dé 0.5 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹṣin náà ní áńtíbọ́dì. Láti 0.3 sí ìsàlẹ̀ 0.5, iyèméjì ni. Èyí tó kéré sí 0.3 ni wọ́n ń pè ní kò sí. Ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ara ń lò kí áńtíbọ́dì tó pọ̀ tó, nítorí náà ẹṣin tó kó àrùn lọ́sẹ̀ tó kọjá lè gba "kò sí". Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹṣin tuntun lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì jẹ́ ọjọ́ 10 sí 14 lẹ́yìn àkọ́kọ́, kí ẹṣin sì dá wà ní gbogbo àkókò náà. Ọmọ ẹṣin tó ń mu ọmú lè gbé áńtíbọ́dì ìyá rẹ̀ láìṣàìsàn rí. Ẹṣin tó ti pẹ́ pẹ̀lú ọyún gbígbẹ lẹ́yìn ọ̀fun ńkọ́? Áńtíbọ́dì rẹ̀ lè ti wálẹ̀, kí èsì sọ pé kò sí nígbà tí bakitéríà ṣì wà.

Bó bá fi hàn pé áńtíbọ́dì wà, ẹ má sáré gún un ní abẹ́rẹ́ nítorí ìwé èsì nìkan. Dókítà á ti ọ̀pá oníkámẹ́rà gba imú wọ àpò méjèèjì, á fi omi iyọ̀ tó mọ́ ṣan wọ́n, á sì kó omi náà lọ fún PCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA bakitéríà náà, àti ìgbìn bakitéríà, ìyẹn mímú kí èyí tó bá ṣì wà láàyè hù. Bí kókó líle bá wà níbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á sì fi pẹnisílíìnì sínú àpò náà. Ẹ bi í bóyá ó ti fọ ọ̀pá náà pẹ̀lú oògùn apakòkòrò lẹ́yìn ẹṣin tó lò ó fún kẹ́yìn: òkú bakitéríà tó kù lára rẹ̀ tó láti mú kí PCR sọ pé àrùn wà, ààyè rẹ̀ sì lè kó ẹṣin tó mọ́ lárùn. Títí èsì yóò fi dé, kí ẹṣin náà ní garawa omi tirẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì kọ́kọ́ bójú tó àwọn yòókù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.