Porsche 944 tó ti lé ní ogójì ọdún: kí ni ìjọba dá sí, kí ló sì kù tí ẹ máa san?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdọọdún, ìjọba Bírítéènì máa ń yọ àwọn ọkọ̀ kan kúrò nínú owó orí ọkọ̀ torí pé wọ́n ti lé ní ogójì ọdún. Ní ọdún 2025, ó kan àwọn tí wọ́n ṣe kí ọdún 1985 tó wọlé. Ìròyìn yìí dé orí WhatsApp àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Manchester, àmọ́ bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ló ń wú sí i: wọ́n ní ọkọ̀ àtijọ́ kò san kọ́bọ̀ mọ́, kò ṣe àyẹ̀wò, kò nílò ìwé kankan. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí nípa Porsche 944, torí òun ni ọkọ̀ eré àtijọ́ tí owó rẹ̀ ṣì ṣe é bá dúró fún ẹni tó ń gba owó oṣù. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹni tó bá máa rà á mọ ohun tó ń gbé wálé.

Ṣé òótọ́ ni pé n kò ní san owó orí ọkọ̀?

Òótọ́ ni, bí ọdún tí wọ́n ṣe é bá bá òfin mu. Ọdọọdún ni ààlà náà ń sún síwájú, láti oṣù kẹrin 2026, ó kan ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1986. Bí kò bá sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n á wò. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣáájú ọjọ́ kẹjọ oṣù kìíní ọdún náà.

Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ ni pé kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa mú ìwé ọkọ̀, ìyẹn V5C, lọ sí Post Office tó ń gba owó orí ọkọ̀, kí wọ́n lè yí i sí ìsọ̀rí “historic”. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdọọdún lẹ máa sọ ọ́ di ọ̀tun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òdo ni iye tí ẹ máa san. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, ìtanràn lè tọ̀ ọ́ wá sílé.

MOT ńkọ́?

MOT ni àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ yẹ lójú pópó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dàrú jù. Láti ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọkọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún kò pọn dandan kó ṣe MOT, bí wọn kò bá ti ṣe àyípadà ńlá sí i láàárín ọgbọ̀n ọdún tó kọjá. Àyípadà ńlá túmọ̀ sí nǹkan bíi kí wọ́n pààrọ̀ bọ́dì, tàbí kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn sí i. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù V112 pé ọkọ̀ yín wà lára àwọn tí òfin dá sí.

Àyẹ̀wò ni wọ́n dá yín sí. Wọn kò dá ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò mú sí. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró tí ọkọ̀ náà léwu lójú pópó, ìtanràn rẹ̀ lè tó £2,500, wọ́n sì lè fi póìǹtì mẹ́ta sí láísẹ́ǹsì yín. MOT ti ọdún tó kọjá kò sì ní gbà yín lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ máa gbé e lọ fún MOT lọ́dọọdún, kí ẹ ṣe bíi pé òfin kò dá yín sí. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe é. Ẹni tó ń yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò lórí ìgbéga máa ń rí ohun tí ẹ̀yin tí ẹ ń wà á kò lè rí: páìpù bíréèkì tó ti dógùn-ún, rọ́bà tó ti ya, ibi tí irin ti ń jẹrà. Owó tí ẹ máa san fún un kò tó owó táyà kan.

Ṣé ó ń san ULEZ ní Lọ́ńdọ̀nù?

ULEZ ni owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ ju ohun tí òfin gbà lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo ọkọ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní òpópónà kan ní Peckham. 944 ni àwọn méjèèjì, àwọ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà. 1984 ni wọ́n ṣe ọ̀kan, 1988 ni wọ́n ṣe èkejì. Ti 1984 tó ti wà ní ìsọ̀rí “historic” kò san ULEZ rárá. Ti 1988 ń san £12.50 lójoojúmọ́ tó bá ti yí ẹsẹ̀, títí ọjọ́ orí rẹ̀ yóò fi tó. Nítorí náà, bí ẹni tó ń ta ti 1988 bá sọ fún yín pé “ọkọ̀ àtijọ́ ni, kò san ULEZ”, ẹ ní kó fi V5C hàn yín.

Congestion Charge, ìyẹn owó tí ọkọ̀ ń san láti wọ àárín ìlú, yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn méjèèjì ló ń san án.

Kí ló dé tí Porsche fi wá pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ṣe é púpọ̀. Láàárín ọdún 1982 sí 1991, ó lé ní 160,000 tó jáde. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú bíi ti ọkọ̀ yòókù, àwọn olólùfẹ́ Porsche tó lówó lọ́wọ́ sì fẹ́ràn 911 tí tirẹ̀ wà lẹ́yìn. Àmọ́ ọkọ̀ gidi ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà méjì ààbọ̀, agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 163, gíà rẹ̀ wà lẹ́yìn, torí náà ìwúwo iwájú àti ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ẹ bá fi í kọ kọ́nà, ẹ máa mọ̀ lára ìdí tí àwọn èèyàn fi ṣì ń wá a.

Owó ọkọ̀ ló wálẹ̀. Owó àtúnṣe rẹ̀ kò wálẹ̀.

Ṣé kí n wá èyí tí owó rẹ̀ kéré jù?

Rárá. Ẹ wá èyí tí rìsíìtì àtúnṣe rẹ̀ pọ̀ jù.

Kí ni táímín bẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń kìlọ̀ nípa rẹ̀?

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má gbàgbé èyí. Nínú ẹ́ńjìnnì, písítìn ń lọ sókè sódò, fáàfù ń ṣí ó ń tì lókè rẹ̀. Nínú 944, àyè kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, wọ́n kàn ń yẹra fún ara wọn ni. Bẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan tó ní eyín ló ń rí sí i pé wọn kò pàdé. Bí bẹ́ẹ̀tì yìí bá já, tàbí tí eyín rẹ̀ fò, písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa á di èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú lórí. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n rà ní pọ́ọ́kú, owó àtúnṣe yẹn lè ju owó ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀tì kejì tún wà, tó ń yí irin méjì tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù. Ọwọ́ Mitsubishi ni Porsche ti sanwó gba ọgbọ́n yẹn. Bí bẹ́ẹ̀tì kékeré yìí bá já, ó lè kó sí àárín bẹ́ẹ̀tì ńlá, kó sì fà á lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pààrọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n á tún pààrọ̀ pọ́ǹpù omi nígbà kan náà, torí bẹ́ẹ̀tì ńlá yẹn ló ń yí i. Bí pọ́ǹpù bá há lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, gbogbo iṣẹ́ náà á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì bíi máìlì tó ti rìn. Rọ́bà ń gbó bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ wà nínú gáréèjì láìrìn. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó mọ 944 dáadáa máa ń pààrọ̀ rẹ̀ ní bí ọdún mẹ́rin sí mẹ́rin. Bí ẹni tó ń tà á bá ní “wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀”, ẹ béèrè rìsíìtì tí ọjọ́ àti iye máìlì wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí rìsíìtì, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ nínú iye tí ẹ máa san.

Kílọ́ọ̀ṣì ńkọ́?

Kílọ́ọ̀ṣì ló ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, tó sì ń tú u nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ gíà. Torí pé ẹ́ńjìnnì wà níwájú tí gíà wà lẹ́yìn, páìpù gígùn kan ló so wọ́n pọ̀. Kí ọwọ́ tó lè dé kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yọ sáléǹsà, wọ́n á yọ gíà, wọ́n á fa páìpù yẹn sẹ́yìn. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni. Kílọ́ọ̀ṣì tí ọkọ̀ náà bá jáde ní ilé iṣẹ́ sì ní rọ́bà láàárín tó máa ń já bó bá ti gbó. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn.

Bí mo bá lọ wò ó, kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tanná sí i kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá gbóná, ẹ béèrè ìdí, torí ọkọ̀ tí kì í tètè dáhùn láàárọ̀ ni àwọn kan máa ń mú gbóná sílẹ̀ de oníbàárà.

Ẹ ṣí ìgò omi rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ki tó funfun bí ẹ̀kọ, ọ́ìlì ti ń wọ inú omi. Ó lè jẹ́ síìlì ibi tí wọ́n ti ń mú ọ́ìlì tutù ló bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. Èyí ó wù kó jẹ́, ẹ má sanwó lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fi síǹkì bo bọ́dì 944 ní ilé iṣẹ́, ó sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ ogójì ọdún òjò Bírítéènì kì í ṣe kékeré. Abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ kúnlẹ̀ wò. Ẹ mú máágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání: ibi tí kò bá ti lẹ̀, bọ́dífílà ni wọ́n fi dí ihò tó wà níbẹ̀. Ẹ tẹ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn pẹ̀lú ọwọ́, torí rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn àti ti òrùlé tó ń ṣí máa ń jẹ́ kí omi wọlé.

Ẹ má sì gbára lé iye máìlì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Gíà kékeré oníke tó ń yí nọ́ńbà máìlì máa ń fọ́, ọkọ̀ á sì máa rìn lọ tí nọ́ńbà dúró sójú kan. Àkọsílẹ̀ MOT láti ọdún 2005 wà lórí GOV.UK lọ́fẹ̀ẹ́, nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan lẹ nílò. Bí máìlì kan náà bá wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ẹ ti mọ̀.

Ṣé V5C fi hàn pé òun ló ni ọkọ̀?

Rárá. Ẹni tó ń bójú tó o lójú ìjọba ló wà lórí rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tó fi rà á, kí ẹ sì sanwó fún àyẹ̀wò bóyá ọkọ̀ náà wà nínú gbèsè tàbí wọ́n jí i.

Epo wo ni ó ń mu?

E5, ìyẹn super. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo E10 ni wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí epo gbogbogbòò, ẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ sì lè ba àwọn rọ́bà àtijọ́ jẹ́.

Mo ti rà á. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Kí ẹ tó lọ sáré, kí ẹ tó kùn ún, kí ẹ tó ra wíìlì tuntun: bẹ́ẹ̀tì méjèèjì, àwọn ohun tó ń fún wọn le, àti pọ́ǹpù omi. Nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì tó ń jo níwájú ẹ́ńjìnnì, torí ọ́ìlì ń ba rọ́bà bẹ́ẹ̀tì jẹ́. Lórí àwọn tó jáde kí ọdún 1987 tó dé, ẹ gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́yìn bíi 2,000 máìlì kí wọ́n tún wọn bí bẹ́ẹ̀tì ṣe le tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ohun olómi: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà, omi rẹdiétọ̀, omi bíréèkì. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, bó bá sì gbóná, á hó, ẹsẹ̀ yín á sì lọ sílẹ̀ lórí bíréèkì láìmú. Ọdún méjì-méjì ni kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀.

Táyà lè ní ojú dáadáa kó sì ti kú. Ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára rẹ̀: 2311 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011. Èmi kò ní gun irú táyà bẹ́ẹ̀ lọ sí mọ́tòwéè.

Ẹ ra réléè DME kan sínú ọkọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Òun ló ń gbé iná fún pọ́ǹpù epo, inú rẹ̀ sì máa ń sán, ọkọ̀ á kọ̀ láti dáhùn láìsọ ìdí.

Kí ẹ tó ra ọkọ̀ ni kí owó gbogbo èyí ti wà nílẹ̀. Bí gbogbo owó yín bá máa lọ sórí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ dúró díẹ̀ sí i.

Ṣé mẹkáníìkì àdúgbò lè ṣe é?

Ó lè ṣe ọ́ìlì, bíréèkì àti táyà. Bẹ́ẹ̀tì kọ́. Irinṣẹ́ pàtó ló ń wọn bó ṣe le tó, ẹ kàn bi í bóyá ó ní in.

Ìnṣọ́ránsì?

Dandan ni. Ẹ béèrè fún èyí tí ẹ̀yin àti ilé iṣẹ́ náà ti jọ fẹnu kò lórí iye ọkọ̀ ṣáájú, kí wọ́n má baà san owó ọkọ̀ gbígbó fún yín lọ́jọ́ ìjàǹbá.

Ṣé mo lè fi ránṣẹ́ sí Èkó?

Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ àlòkù tó bá ti lé ní ọdún méjìlá wọlé.

Kí ni kí n bẹ̀rù jù?

Iná. Páìpù rọ́bà tó ń gbé epo wọ inú ẹ́ńjìnnì máa ń gbẹ, á sán, epo á sì kán sórí irin gbígbóná. Bí páìpù bá jẹ́ èyí tó bá ọkọ̀ jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe bẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá gbóòórùn epo nínú ọkọ̀ tàbí nígbà tí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á, ẹ má tún tanná sí i. Ẹ pe ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀, bí ilé bá tilẹ̀ kù díẹ̀.