Ìdí Ewé ni Ẹ Ó Wò

Lọ́dọọdún, bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé sí Scotland, àwòrán ewé tín-ín-rín á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ orí fóònù mi pẹ̀lú ìbéèrè kan náà: ṣé Isoetes lacustris ni àbí Isoetes echinospora? Ewéko méjì tó jọra ni wọ́n, abẹ́ omi adágún ni wọ́n sì ń hù sí. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ á ti já ewé náà láàárín, á sì ti sọ ìdí rẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ìdí yẹn gan-an ni ìdáhùn wà.

Òótọ́ ni pé ewé lacustris le, ó sì dúdú díẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí a bá gbé e jáde nínú omi, ó ṣì máa ń nà gbọnrangandan, nígbà tí ti echinospora rọ̀, tí í sì í wó lé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé a máa yí padà bí omi bá ṣe jìn sí, nítorí náà n kì í fi ewé nìkan dájọ́. Spore ńlá, ìyẹn hóró tí ewéko yìí fi ń bí irú rẹ̀, tó wà nínú àpò kékeré ní ìdí ewé ìta ni mo máa ń wò. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà. Ẹ jẹ́ kí ó gbó, ẹ dà á sórí ìwé, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí pé ojú rẹ̀ kì í hàn kedere bó bá tutù, kí ẹ tó gbé awò lé e. Ti lacustris hunjọ, ó sì ní òkè pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó so mọ́ra wọn. Ti echinospora kún fún ẹ̀gún ṣóńṣó bí ara òòrẹ̀. Kromosóòmù, ìyẹn okùn tó ń gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì, 22 ni echinospora ní, lacustris sì ní 110, ìdí nìyẹn tí spore ọmọ àdàlù wọn fi máa ń rí jákujàku.

Àwọn kan sọ pé ètò orí fóònù ti ń ṣe gbogbo èyí. Woṣẹ́woṣẹ́ ni ètò yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ kọ́ èbúté sétí adágún gbé àbọ̀ ìwádìí wá fún mi, pé echinospora nìkan ló wà níbẹ̀. Fóònù ló sọ fún wọn, nínú oṣù Karùn-ún, nígbà tí spore kò tíì gbó. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n hú odidi ewéko kún korobá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ sétí omi, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, ohun tí òfin Britain ti ọdún 1981 kà léèwọ̀. Nígbà tí spore gbó, mo yẹ̀ ẹ́ wò: lacustris ni gbogbo rẹ̀.

Kò sídìí láti hú ohunkóhun. Nígbà ìwọ́wé, ìgbì a máa gbé ewé tó já wá sí etí omi, tòun ti ìdí rẹ̀. Ẹ ṣa ìyẹn, ẹ fi sínú àpò ìwé, kì í ṣe ọ̀rá tí yóò mú un jẹrà, kí ẹ sì kọ orúkọ adágún àti ọjọ́ tí ẹ rí i sára rẹ̀.