Bí a ṣe ń fi nǹkan mímu lọ àlejò lédè Gẹ̀ẹ́sì

Tá a bá ní "Kí lẹ máa mu?", ẹyọ "ẹ" yẹn ti gbé ọ̀wọ̀ àlejò fún un. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ẹ̀. "You" ni ọmọdé, "you" náà ni bàbá arúgbó. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ sí, ibẹ̀ ni "would" ti wúlò.

Ẹni tó bá fẹ́ há ẹyọ kan ṣoṣo sórí, kó mú "Would you like something to drink?" Ó bá ọ́fíìsì mu, ó bá ilé ọ̀gá mu. "Can I get you a drink?" náà dáa, onílé ń sọ pé òun á lọ gbé e wá. "Do you want...?" kì í ṣe èébú, ọ̀rẹ́ ló ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Èyí tó máa ń tú wa láṣìírí ni "Will you drink water?" Gírámà ẹ̀ ò ní àléébù, àmọ́ létí Òyìnbó, àfi bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń bi aláìsàn léèrè. "Would you like some water?" ni kẹ́ ẹ sọ. "Any" ni wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ó ń wà nínú ìbéèrè, ṣùgbọ́n tá a bá ń fi nǹkan lọni, "some" ni, torí à ń retí pé ẹni náà á gbà.

Ẹ ṣọ́ "drink" o. Tí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá ní "Fancy a drink?" lẹ́yìn iṣẹ́, ọtí ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Ti tíì ni "Fancy a cuppa?" tàbí "Shall I put the kettle on?", bí ò tiẹ̀ dárúkọ tíì. Ewé tíì ni, pẹ̀lú mílíìkì díẹ̀. Wọn ò pe Milo àti Bournvita ní tíì bíi tiwa. Tí wọ́n bá wá ní "How do you take it?", ọ̀rọ̀ mílíìkì àti ṣúgà ni.

"Yes, please" ni gbígbà. "No, thank you", "I'm fine, thanks", àti "I'm good" tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn, kíkọ̀ ni gbogbo wọn. Ibí yìí ni òùngbẹ ti máa ń gbẹ ọmọ Yorùbá. Nílé wa, àlejò tó ní ẹ̀kọ́ ilé á kọ́kọ́ ní "Ẹ má ṣèyọnu", onílé á sì rọ̀ ọ́ títí. Òyìnbó lè bi yín lẹ́ẹ̀kan sí i, "Are you sure?" Tẹ́ ẹ bá tún kọ̀, ó parí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ tètè gbà á: "A glass of water would be lovely, thank you."